Agolo Ìṣó Bhupat Zala

Àpótí náà wà lórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù Salim Kureshi, láàárín aago ògiri kan tó ti kú àti àwọn àwo tí wọ́n kó jáde láti ilé ìdáná ọkọ̀ òkun. Kanchan Zala ti rìn kọjá rẹ̀ kó tó dúró gbagidi. Ó padà sẹ́yìn. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Lábẹ́ ìdérí náà ni òdòdó pupa kan wà tí ewé rẹ̀ kan wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà yà á lọ́dún tó délé ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ̀n nígbà tó kan ewé yẹn. Inú àpótí náà ṣófo.

"Màmá, ojú yín mọ ọjà o!" Salim ti jáde síta, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Inú ọkọ̀ ogun Meghraj ni wọ́n ti gbé e jáde. Ojúlówó ni. Ẹ wo igi rẹ̀."

"Inú yàrá mi ni wọ́n ti gbé e jáde. Ta ló tà á fún ọ?"

"Ẹ̀yin màmá wọ̀nyí! Gbogbo ohun tó bá ti dára lójú yín ni ẹ máa ń sọ pé tiyín ni."

"Ta ló tà á fún ọ, Salim? Mo mọ ìyá rẹ, mo mọ ibi tó ń gbé."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Salim. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ọ̀nà bí ẹni ń retí mọ́tò.

Mẹ́dàlì ló wà nínú àpótí yẹn tẹ́lẹ̀. Bhupat Zala, ọmọ bíbí ìlú wa Ghogha, ló ni ín. Orí Meghraj ló ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ogun ńlá tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀ láàárín agbami, tí wọ́n sì tún ń bà lé e. Lọ́jọ́ tí iná sọ lórí ọkọ̀ náà, Bhupat fa ọkùnrin méjì jáde láti inú bàálù tó ń jó. Ó padà lọ fa ẹnì kẹta, kò sì bọ̀ mọ́. Òkun ló gbé e lọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sun, Kanchan ò sì rí eérú rẹ̀ dà sódò bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú nílẹ̀ wa. Ohun tí ìjọba fún un ni mẹ́dàlì, wọ́n fín orúkọ Bhupat sí etí rẹ̀. Òun ni Kanchan fi ń ṣe ọkọ láti ìgbà náà. Tí ilé bá sú u, á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á máa bá a sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ á fi jóná.

Kí ló wá dé tó fi gbé e fún àjèjì? Nígbà tí ìjọba ta Meghraj fún àwọn tí ń gé ògbólógbòó ọkọ̀ ní etíkun Alang, ọkùnrin kan yọ sí wa. Kọmándà Rajan Kapadia lorúkọ tó pe ara rẹ̀. Ó wọ kóòtù ológun ojú omi, dúdú, tó nípọn, bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Ó ní òun ṣiṣẹ́ lórí pápá ọkọ̀ náà, ibi tí bàálù ti ń gbéra, lẹ́yìn tí ìran Bhupat ti kúrò níbẹ̀. Ó ní òun ń kọ́ ilé ìrántí fún Meghraj ní Mumbai, kí orúkọ àwọn tó kú má baà parẹ́. Ilé dé ilé ló ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn opó àtàwọn arúgbó. Wọ́n kó mẹ́dàlì fún un, wọ́n kó fèrè, wọ́n kó fìlà. Omijé ni wọ́n fi ń kó o fún un, Kanchan náà sì sunkún tiẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí Kanchan gbé ẹjọ́ náà lọ bá ni Nimisha Vaghela, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kí Salim jókòó.

"Ta ló gbé àpótí wá?"

"Ọkùnrin kan lórí alùpùpù."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó fi aṣọ wé e. Ọ̀gá, pẹ̀lú eruku ojú ọ̀nà yìí, ta ni kì í wé ojú?"

"Kí lo tún rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Àtìmọ́lé wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, Salim. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sùn."

"Abẹ́rẹ́!" Salim ti dìde dúró. "Abẹ́rẹ́ wà lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tòun tòwú. Ìyẹn nìkan ni mo rí, mo fi àwọn ọmọ mi búra."

Vaghela fi abẹ́rẹ́ yẹn sọ́kàn, kò tíì mọ ohun tó máa fi ṣe. Ó gba ilé àlejò tí Kọmándà dé sí lọ. Oṣù kẹrin ni, ooru ilẹ̀ wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ènìyàn gbolẹ̀. Fáànù ń yí lókè, kò yàtọ̀ sí pé kò yí. Kọmándà jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ńlá yẹn lọ́rùn, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ló dè.

"Wọ́n jí àpótí ìyá yẹn nínú mọ́tò mi," ló wí, ó sì da tíì fún un. "Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ. Ṣùgbọ́n mẹ́dàlì rẹ̀ kò bá a lọ. Mo ti kó gbogbo mẹ́dàlì sínú àpótí irin kan."

"Níbo ni àpótí irin ọ̀hún wà?"

"Lọ́dọ̀ Bàbá Devshi Baraiya, olórí àwọn ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì. A ti fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa. Mumbai la máa ti ṣí i, lójú àwọn ọ̀gágun."

"Ẹ jẹ́ kí n rí káàdì ìdánimọ̀ yín."

Ó fà á yọ. Káàdì náà dán ju ti Vaghela alára lọ.

"Ẹ bọ́ kóòtù yín, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín."

"Ológun kì í bọ́ra sílẹ̀ níwájú obìnrin." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán. "Ọmọbìnrin, o ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí. Ìpè kan péré ni mo máa pè, abúlé tí wọn ò tíì fa iná dé ni wàá ti máa mú olè ewúrẹ́."

Vaghela ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ológun, kí wọ́n bá òun wò ó bóyá wọ́n mọ Rajan Kapadia. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ó lọ bá Devshi nílé. Àpótí irin náà wà ní pálọ̀ bàbá, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn bí ìyàwó tuntun.

"Bàbá, ẹ ṣí i kí n wo inú ẹ̀ lásán."

"Ìwé ilé ẹjọ́ dà?"

"Mi ò tíì gbà á."

"Ọ̀gá mi ló lẹ̀ ẹ́ pa. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan án nígbà tí mo bá ṣì ń mí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá kan pe Vaghela pé Kọmándà àti awakọ̀ rẹ̀ ti gba ọ̀nà Bhavnagar, mọ́tò wọn ń sáré, àpò ńlá kan wà lórí rẹ̀. Vaghela fò sínú jíìpù. Ó bá wọn ní ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, nígbà tí wọ́n ń ti igi ìdènà bọ̀ wálẹ̀. Mọ́tò Kọmándà ti sá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Jíìpù dúró. Ọkọ̀ ojú irin náà gùn bí ẹni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, Vaghela sáré tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọjà Bhavnagar, ó fi jíìpù dí wọn lọ́nà.

"Ẹ sọ àpò yẹn kalẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tú u. Òdòdó aláwọ̀ ọsàn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó sì tú jáde sójú ọ̀nà, màlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Òdòdó tí a máa fi dágbére fún Meghraj lọ́la ni," Kọmándà wí. "Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ rà lọ́jà. Àbí òdòdó lẹ fẹ́ tì mọ́lé?"

Àwọn ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Òógùn ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà bí omi ẹ̀rọ, kò sì tú bọ́tìnnì kan. Vaghela rí i, kò kàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Kó tó dé àgọ́, ọ̀gá rẹ̀ ti pè é pé kó yé yọ ológun lẹ́nu láìsí ìwé ilé ẹjọ́. Ọ̀la sì ni ìdágbére. Lẹ́yìn ìdágbére, Kọmándà ń gbé àpótí irin lọ sí Mumbai nìyẹn.

Kanchan wà lórí àga gbọọrọ ní àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí Vaghela wọlé. Látàárọ̀ ló ti wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ti rí i?"

"Màmá, rárá."

Kó tó fẹ̀yìn kan àga, Devshi já wọlé. Inú ń bí bàbá náà débi pé irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọ̀gá Vaghela! Ojú ọjà! O dá Kọmándà wa dúró lójú ọjà, o da òdòdó rẹ̀ fún màlúù! Ọkùnrin tó…" Ó dákẹ́ lójijì. Ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀, ó he pín-ìnì kan lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó fi í sápò, ó dìde. "Ọkùnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ sin ilẹ̀ yìí! Tó o bá tún yọ ọ́ lẹ́nu, gbogbo wa la máa wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ!"

Ó yí padà, ó jáde. Ara Kanchan ti ta gìrì.

"Ṣé o rí ohun tó ṣe?"

"Ó bú mi."

"Ó he pín-ìnì! Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun bẹ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu Kanchan wàràwàrà. "Lórí ọkọ̀ wọn, láràárọ̀ kí bàálù kankan tó gbéra, gbogbo wọn á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. Wọ́n á rìn láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, wọ́n á dojú kọlẹ̀, wọ́n á máa he ohun tó bá wà níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bàálù bá gbé ìṣó kan ṣoṣo mì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó ń wà á sì ti kú. Ó ti mọ́ wọn lára, kì í kúrò lára wọn mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, níbi tí a ti ń yí iná ìgbéyàwó po, Bhupat bẹ̀rẹ̀ he ìṣó! Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú iná fún ìtìjú. Agolo rẹ̀ tó ń kó wọn sí ṣì wà nílé mi, ó kún."

"Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ gan-an?"

"Lọ́jọ́ tí Kọmándà wá gba àpótí, ìṣó kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá." Kanchan fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Mo rí i! Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo sì tún gbé ọkọ mi lé e lọ́wọ́!"

Vaghela jókòó tì í lórí àga gbọọrọ náà.

"Adájọ́ máa fi mí ṣẹ̀sín, màmá."

"Ta ló ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀? Bàbá Devshi ni mo fẹ́ kó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni àpótí irin wà."

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdágbére, Meghraj jókòó sí etíkun pẹ̀lú imú nínú iyanrìn àti ìdí nínú ẹrẹ̀. Òkun ti fà sẹ́yìn lọ jìnnà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé irin gbé àwọn arúgbó náà gòkè nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, wọ́n ń pariwo bí ọmọ ilé ìwé, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ò rántí ẹsẹ̀ mọ́. Aṣọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ ni wọ́n wọ̀, bọ́tìnnì ò pàdé lára ẹlòmíì. Pápá orí ọkọ̀ náà gbòòrò débi pé wọ́n dà bí ẹni díẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ti gbé àpótí irin kalẹ̀ níwájú wọn. Fọ́máànù àwọn agékọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbọn lọ́wọ́. Ìyẹn ni wọ́n máa fọ́ sí imú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì fún oríire kí wọ́n tó fi iná gé e.

Vaghela wọ aṣọ sàrì bíi ti àwọn opó, ó dúró láàárín wọn. Kanchan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agolo wà lábẹ́ ìborí rẹ̀. Tí ẹ̀tàn yìí bá kùnà, ọ̀nà míì ò sí mọ́.

Kọmándà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ó ní irin máa ń kú ṣùgbọ́n orúkọ kì í kú. Àwọn arúgbó ń nu ojú. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ níwájú wọn, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kanchan jáde síwájú bí ẹni fẹ́ gbé òdòdó lé àpótí. Ó kọsẹ̀. Agolo fò.

Ìró rẹ̀ lórí irin yẹn le. Ìṣó àti nọ́ọ̀tì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, wọ́n ń yí, wọ́n ń sáré. Kí ìró náà tó rọlẹ̀, àwọn arúgbó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún wọn. Ẹni tó ní ọ̀pá ju ọ̀pá sílẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ò ká mọ́ fi ìdí wọ́ wálẹ̀. Wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èjìká sí èjìká, ojú nílẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń he é.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró ṣánṣán. Nọ́ọ̀tì onídẹ kan yí wá sí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró. Devshi nawọ́ sí i.

"Ẹ fi pàǹtí yẹn sílẹ̀, ẹ̀yin bàbá, àkókò ń lọ!" Kọmándà wí, ó sì fi bàtà gbá nọ́ọ̀tì náà. Ó yọ̀ lọ lórí pápá, ó ń dún woroworo, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Gbogbo ọwọ́ dúró. Devshi ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo bàtà náà. Ó gbójú sókè wo ẹni tó ni ín.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"O gbá a. Lórí pápá yìí."

"Ìbàdí ló ń dùn ún," arúgbó kan sọ, ó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún un. "Kò lè bẹ̀rẹ̀ ni."

"Mi ò ní kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó gbá a." Devshi dìde. "Láràárọ̀, kí bàálù tó gbéra, kí ni gbogbo wa máa ń ṣe níbí? Dá mi lóhùn."

"Bàbá, ṣé ibi ìdánwò la wà ni?"

"Dá mi lóhùn!"

Kọmándà fi ahọ́n lá ètè. "Ẹ máa ń… a máa ń gbàdúrà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Devshi lọ sídìí àpótí irin, ó fi gìgísẹ̀ fọ́ ìda rẹ̀, ó ṣí i. Iyanrìn ló wà nínú rẹ̀, àti àfọ́kù àwo. Igbe àwọn opó gba gbogbo orí ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi yíjú, ọkùnrin náà ti dé àkàbà okùn tí àwọn agékọ̀ ń gbà. Vaghela pariwo, "Ẹ mú un!" Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀bọ. Alùpùpù rẹ̀ wà lódì kejì, lẹ́yìn ọkọ̀ tó jókòó ti Meghraj, ó sì rò pé òun lè gba orí ẹrẹ̀ débẹ̀. Àjèjì nìkan ló lè rò bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀ díẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó jà. Ó dé itan. Ó tún jà, ó dé ìbàdí, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Lókèèrè, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti hàn lórí òkun. Omi tó lọ láàárọ̀ ti ń padà bọ̀, omi ilẹ̀ wa kì í sì í rìn, sáré ló ń sáré.

Kí apẹ̀rẹ̀ tó sọ Vaghela, Kanchan àti àwọn arúgbó kalẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn agékọ̀ ti gbé pákó lé orí ẹrẹ̀, wọ́n ti ju okùn. Ó gbá okùn náà mú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

"Bọ́ kóòtù!" ni fọ́máànù ń pariwo. "Ó ń fà ọ́ wọlẹ̀! Bọ́ ọ dànù!"

"Rárá!"

"Ṣé orí ẹ pé ni? Bọ́ ọ!"

"Mi ò bọ́ ọ!"

Vaghela wo Kanchan. Nígbà yẹn ni abẹ́rẹ́ tí Salim sọ padà sí i lọ́kàn, pẹ̀lú gbogbo òógùn ojú ọjà Bhavnagar.

"Inú kóòtù yẹn ni àwọn mẹ́dàlì wà," ló wí.

Kanchan jókòó sórí iyanrìn. Òkun ti gbé Bhupat lọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti ń bọ̀ wá gbé e. Ó rí omi tó dé ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ó rí i tó dé àyà rẹ̀.

Vaghela dùbúlẹ̀ lórí pákó, okùn tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orúkọ rẹ?"

"Kọmándà Raj…"

"Omi ò mọ Kọmándà. Orúkọ rẹ?"

"Jitu! Jitu Parmar! Ẹ fà mí!"

"Iṣẹ́ rẹ?"

"Télọ̀! Aṣọ ológun ni mo ń rán, ní Mumbai. Ẹ jọ̀ọ́!"

"Àwọn mẹ́dàlì?"

"Mo rán wọn mọ́ inú kóòtù. Àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ rà wọ́n. Mo jẹ́wọ́, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, omi ti dé ọrùn mi!"

Vaghela ti ju okùn náà kọ́ ọ lábẹ́ apá. Ó yíjú sẹ́yìn kí wọ́n fà á. Àwọn arúgbó di okùn náà mú, ṣùgbọ́n Devshi kò fà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Kó bọ́ kóòtù sílẹ̀ fún wa kọ́kọ́," ló wí. "Kí òkun wá mú ìyókù."

"Ẹ fà á!" Kanchan ló pariwo. Ó ti dìde. "Bàbá Devshi, ọkọ mi padà lọ sínú iná nítorí ẹnì kẹta. Kò béèrè irú ẹni tó jẹ́. Ẹ fà á, tòun ti kóòtù!"

Devshi wò ó. Ó wé okùn mọ́ ọwọ́. "Ó yá," ló wí fún àwọn yòókù, wọ́n sì fà á bí wọ́n ṣe máa ń fa okùn nígbà tí ara wọn ṣì le. Ẹrẹ̀ kò fẹ́ yọ̀ǹda. Ó pariwo, ó mì, ó tu ọkùnrin náà jáde láìsí bàtà.

Wọ́n bọ́ kóòtù náà lórí iyanrìn. Fọ́máànù fi ọ̀bẹ la aṣọ inú rẹ̀. Mẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ló wà nínú àpò kékeré tiẹ̀, wọ́n rán an dáadáa, kò sí èyí tó lè kan èkejì kó dún. Iṣẹ́ ọwọ́ olè náà mọ́. Ká ní aṣọ nìkan ló fi ń rán. Gbogbo ohun tó wà lára aṣọ ológun ló mọ̀. Ohun tó wà lára ológun ni kò mọ̀.

Vaghela ló rí ti Bhupat. Ó ka etí rẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Kanchan. Kanchan fi etí sàrì nu ẹrẹ̀ kúrò lórí orúkọ náà. Ó gbá a mọ́ àyà.

"O ti dé," ló wí. "Má bínú sí mi. O ti dé."

Wọ́n ju Jitu Parmar sẹ́yìn jíìpù, ẹrẹ̀ lára rẹ̀ dé ọrùn. Ní àgọ́, ó ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ka ìwé: ilé ìránṣọ tó ti kọ́ ìwà àwọn ọ̀gágun, káàdì tó ṣe fúnra rẹ̀, àwọn àpótí òfìfo tó ń tà káàkiri nítorí kò rí ibi kó wọn sí. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn opó ń wá gba ohun tiwọn, tí wọ́n ń gbàdúrà fún Vaghela títí orí rẹ̀ fi wú. Devshi ló wá kẹ́yìn. Ó yọ pín-ìnì kan nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀.

"Tìrẹ ni," ló wí. "Mo mú un lọ nígbà tí mo wá bú ọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má bínú."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pé sí imú Meghraj kí wọ́n fọ́ àgbọn, nígbà tí Kanchan dé. Ó gbé agolo dání.

"Màmá, iná ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ti wọ ìbọ̀wọ́," fọ́máànù wí. "Kí ló tún kù?"

"Nọ́ọ̀tì kan kù, èyí tí olè yẹn gbá. Onídẹ ni. Èyí tí Bhupat he ní ẹnu ọ̀nà wa ni, láàárọ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ kẹ́yìn."

"Ọkọ̀ la fẹ́ gé yìí, màmá! Ta ni nọ́ọ̀tì kan fẹ́ pa?"

Kanchan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agolo rẹ̀. Fọ́máànù wo àgbọn ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ fún un.

Ó ti dojú kọlẹ̀ lórí pápá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti imú ọkọ̀, kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Devshi ni, àti àwọn yòókù rẹ̀, àwọn tó wá wo bí wọ́n ṣe máa fọ́ àgbọn. Wọ́n tò sí ọ̀tún rẹ̀ àti sí òsì rẹ̀, èjìká sí èjìká. Wọ́n rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo gbogbo ilẹ̀ náà fún bàálù tí kò ní bà síbẹ̀ mọ́ láé, nísàlẹ̀ sì ni gbogbo etíkun dúró dè wọ́n.

Létí pápá, níbi tí irin ti pin tí òkun ti bẹ̀rẹ̀, ó wà níbẹ̀, ó há sí ojú ihò kan. Àwọn ọkùnrin náà ti rí i kí Kanchan tó rí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nawọ́ sí i nínú wọn. Kanchan bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó sọ ọ́ sínú agolo.

"Pápá ti mọ́," Devshi ké sísàlẹ̀ sí fọ́máànù. "Ẹ lè fọ́ àgbọn yín."